Ibo lẹ bá ìwé yín dé?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo lẹ ń kà lọ́wọ́ báyìí? Kì í ṣe ìwé iṣẹ́ o, kì í sì í ṣe ìwé ìdánwò. Èyí tí ẹ ń kà nítorí pé ó wù yín ni mò ń bèèrè. Bí mo bá bi àwọn ọ̀rẹ́ mi, orúkọ ìwé ńláńlá ni wọ́n máa ń dá, bẹ́ẹ̀ n kì í bá ìwé lọ́wọ́ wọn. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìwé ìfẹ́ ni tèmi, ó sì ti ń ṣe mí bíi pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi.

* * *

Òtítọ́ lẹ bèèrè, òtítọ́ náà ni n ó sọ. Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ni Don Quixote tí Cervantes kọ, ìtàn ọkùnrin ará Sípéènì kan tó ka ìwé àwọn akọni títí ọpọlọ rẹ̀ fi gbẹ, tó wá gbé ìhámọ́ra àtijọ́ wọ̀ pé òun ń lọ tún ayé ṣe. Apá kìíní jáde ní 1605, apá kejì ní 1615. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sínú ẹyọ kan tí mo ní lọ́wọ́ yìí, ó sì nípọn. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń fi lélẹ̀ kà á báyìí, torí lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, oorun gbé mi lọ, ìwé já lu imú mi, omi sì dà lójú mi pòròpòrò.

Orí 33 nínú apá kìíní ni mo dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti wà níbẹ̀.

Ẹ rí i pé mi ò dúró lórí orúkọ ìwé. Orúkọ ìwé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ẹnu ló ń dá a. Ibi tí èèyàn bá a dé ni ẹ̀rí. Ẹ̀yin náà, bí ọ̀rẹ́ yín bá tún dárúkọ ìwé ńlá, ẹ rọra bi í pé, "Ibo lẹ bá a dé?" Ẹni tó ń kà á lóòótọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ sinmi, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ìyàwó ti rí lẹ́tà nínú àpò ọkọ rẹ̀, inú sì ń bí òun sí ọkọ náà gan-an. Ẹni tí kò ṣí i rí á ní ìwé náà jinlẹ̀.

Ìwé mi yìí náà ló là mí lójú sí i. Bóyá lẹ máa rí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa ibi tí Don Quixote ti bá àwọn ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí jà, tó ní òmìrán ni wọ́n. Orí kẹjọ nìyẹn. Apá kìíní ní orí 52, apá kejì ní 74, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 126, orí kẹjọ sì ni gbogbo ayé ń sọ. Mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti pa ìwé dé. Èmi pàápàá ti pa á dé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tún gbé e.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìfàkókòṣòfò tí ẹ sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn kan gbà pé ìwé tí kò bá múni lójú ro, ìwé ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ní ìwé fàájì gbọ́dọ̀ fúyẹ́, pé ẹni tó ń ka ìwé líle fún ìgbádùn ń ṣe àṣehàn ni. Mi ò gbà fún ìhà kankan.

Ẹ mú Àjà Ló Lẹrù tí Oládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó jáde ní 1969. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, Lápàdé tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo kà á tán. Ìgbà tí mo tún un kà ni mo tó rí i pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń pa òwe, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lọ́nà tí mi ò rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ní kí n bọ̀wọ̀ fún. Ìgbà àkọ́kọ́, eré ni mò ń sá tẹ̀lé ọ̀daràn, mi ò ráyè wo èdè. Èwo nínú méjèèjì ni ìfàkókòṣòfò?

Ní òdìkejì, mo mọ ẹnì kan tó ń ka ìwé atúmọ̀ èdè fún fàájì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mú un, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, lẹ́tà GB ló wà, ó sì ń rojọ́ pé GB ò fẹ́ẹ́ tán. Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò lè ka ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni n ó jẹ́ tí n ó fi sọ pé ìgbádùn rẹ̀ kì í ṣe ìgbádùn?

Nítorí náà, ẹ máa ka ìwé ìfẹ́ yín.

* * *

Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni bóyá èèyàn lè pa ìwé tì láì kà á tán.

Àwọn olóòótọ́ (bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pe ara wọn) ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí, pé òǹkọ̀wé lè ti fi ohun tó dùn jù sí ìparí. Àwọn yòókù ní ìwé pọ̀ ju ọjọ́ ayé lọ. Nancy Pearl, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, gbé òfin kan kalẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ka ojú ìwé 50, bí kò bá wọ̀ ọ́ lára, gbé e sílẹ̀. Bí o bá ti lé ní ẹni 50 ọdún, yọ ọjọ́ orí rẹ kúrò nínú 100, èyí tó kù ni kí o kà. Ẹni 70 ọdún á ka 30. Ẹni tó bá pé 100, ẹ̀yìn ìwé nìkan ni yóò wò tí yóò fi dájọ́.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ìwé mu. Ojú ìwé 50 nínú ìwé ewì tẹ́ẹ́rẹ́, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á tán nìyẹn. Ojú ìwé 50 nínú ìwé tó ní 900, wọn ò tíì kí ara wọn tán. Ohun tí èmi máa ń wò ni ìka ọwọ́ mi. Bí mo bá rí i tí ìka mi ń ṣí ìwé síwájú láti wá ibi tí orí náà parí sí, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ìwé kan, a ti ń pínyà, èmi àti ìwé yẹn.

Kí n sọ ohun kan tí mo rí. Mo yá ìwé kan nílé ìkàwé nígbà kan, ìwé nípa bí èèyàn ṣe lè tọ́ ìrántí rẹ̀ dàgbà, ẹnì kan sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí etí rẹ̀. Ojú ìwé 19, ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan. Ojú ìwé 37, ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni!" Ojú ìwé 64, ó kọ "irọ́". Ojú ìwé 71, "irọ́ ńlá", ó sì tẹ pẹ́ńsùlù náà mọ́ ọn débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Láti 72 lọ, ó mọ́ fónífóní, kò sí àmì kankan mọ́, ìwé náà sì lé ní ojú ìwé 200. Mo kà á tán, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé ẹni tí a jọ wọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, tó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀ tí kò mọ ọ̀nà.

Mi ò ní kí ẹ máa fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sínú ìwé ilé ìkàwé o.

* * *

Ẹnì kan ní òun ka ìwé mẹ́rin lóṣù tó kọjá. A bi í bó ṣe ráyè, ó ní etí lòun fi gbọ́ gbogbo rẹ̀, níbi tóun ti ń rìn àti níbi tóun ti ń fọṣọ. Ni àwọn kan bá faraya. Wọ́n ní gbígbọ́ kì í ṣe kíkà, pé ẹni tí wọ́n kàwé sí létí kò kàwé.

Mi ò bá wọn lọ. Bó bá jẹ́ pé ojú nìkan ló lè kàwé, kí ni ká wá pe ohun tí ẹni tí kò ríran ń ṣe? Louis Braille tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1829. Ìka ni wọ́n fi ń kà á láti ìgbà náà, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé wọ́n kàn ń fọwọ́ pa ìwé lára ni.

Kíka ìwé ní ìdákẹ́jẹ́ pàápàá ti ya èèyàn lẹ́nu rí. Augustine, òǹkọ̀wé ẹlẹ́sìn Kristẹni àtijọ́ kan, kọ ọ́ sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 400, pé bí òun bá yọ sí Ambrose tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Milan níbi tó ti ń kàwé, ojú rẹ̀ á máa lọ lórí ìwé ṣùgbọ́n ohùn àti ahọ́n rẹ̀ á dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí bàbá náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá ó ń tọ́jú ohùn rẹ̀ ni, torí ó tètè máa ń há.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ìwé mi. Ní orí 32, onílé-èrò kan ń sọ pé lásìkò ìkórè, àwọn tó ń bá wọn kórè máa ń kóra jọ sílé òun lọ́jọ́ ìsinmi, ẹni tó bá mọ̀wé nínú wọn á gbé ìwé, àwọn tó lé ní 30 á sì yí i ká. Ó ní ìgbádùn rẹ̀ ń yọ ewú kúrò lórí òun. Ọkùnrin yẹn kò fojú ka ìwé wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ fún un pé kò mọ ohun tó wà nínú wọn, ẹ ó rí ìjà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, ọ̀nà etí ló gbà wá: Àkàrà-ògùn ń sọ, akọ̀wé ń kọ, àwọn èèyàn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́.

Síbẹ̀, etí ní wàhálà tirẹ̀, àwọn olùfẹ́ etí kì í sì í fẹ́ẹ́ sọ ọ́. Mo gbọ́ ìtàn kan tí ọkùnrin méjì inú rẹ̀ ní orúkọ tó jọra. Odindi wákàtí méjì ni mo fi rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Mo ti ń kórìíra ọkùnrin náà gidi, torí ó ń fẹ́ obìnrin méjì, ó sì ń purọ́ fún àwọn méjèèjì, kí n tó mọ̀ pé ẹni méjì tó ń ṣe jẹ́jẹ́ wọn ni. Bó bá jẹ́ ojú ni, ojú ìwé kan péré tí mo bá ṣí padà, ó ti yé mi. Pẹ̀lú etí, ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ, fóònù wà lókè, ìtàn sì ń lọ.

Ẹni tó bá ń gbọ́ lè sọ pé òun kò ní ojú ìwé tí òun fẹ́ dá. Kó sọ wákàtí. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìkàwé ńkọ́? Kindle tó kọ́kọ́ jáde ní 2007 kò ní ojú ìwé, nọ́ńbà ibi tí o dé ló fi ń ka tirẹ̀. Mo lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó sú mi níbẹ̀ ni pé mi ò lè fi àtàǹpàkò díwọ̀n ohun tó kù. Ìtàn lè parí lójijì bí ẹni pé wọ́n paná lójú ẹni.

* * *

Ìwé mélòó lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀kan ní yàrá, ọ̀kan nínú àpò, ó tán. Bí wọ́n bá ti di mẹ́ta, òkú inú ìwé kan á dìde rìn nínú ìkejì.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ka iye ìwé. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi ṣe méjèèjì: a ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Àwọn kan ti pa á pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sàmì: 12, 13, 14.

Mi ò lè bú wọn, torí mo ti ṣe é. Lọ́dún kan mo ní n ó ka 40. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, 31 ni mo wà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tẹ́ẹ́rẹ́. Mo máa ń fi ìka méjì díwọ̀n ìwé kí n tó wo àkọlé rẹ̀. Mo pé 40 lóòótọ́. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó wà nínú mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn.

Àwọn tó ń rà tí wọn kì í kà náà wà níbẹ̀. Àwọn ará Japan tiẹ̀ ní orúkọ fún un, tsundoku, kí èèyàn máa ra ìwé jọ gègèrè láì ṣí i. Wọ́n máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìwé tí a kò tíì kà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi bí ẹni tó ni ín bá ṣí ẹnu.

* * *

Ẹnì kan tún bèèrè ìdí tí òun fi ń yára ka Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, ìtìjú sì ń bá a. Kí ó má tijú. Ó lè jẹ́ ìwé tó ń kà ni kò lámì. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "O gbe oko re lo." Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ló gbé lọ ni, àbí ọkọ́ rẹ̀? Àbí ó gbé ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká? Òǹkàwé á dúró, á wo ẹ̀yìn, á wo iwájú, á yan ọ̀kan, á tún tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ṣe èyí nígbà mẹ́wàá lójú ìwé kan, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìwé tí wọ́n fi àmì sí dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó fi ohùn sókè kà á fún ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́. Etí máa ń tètè mọ èyí tí ojú ò mọ̀. (Mo ti tún bọ́ sórí ọ̀rọ̀ etí.)

* * *

Òǹkàwé ìjọsí tún bèèrè: Ẹ ò sọ mọ́ o. Ṣé ẹ ti kúrò ní orí 33?

Mo ti kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kúrò.

Ohun tó dá mi dúró níbẹ̀ ni pé ìtàn Don Quixote dáwọ́ dúró pátápátá. Àlùfáà kan rí ìwé àfọwọ́kọ nílé èrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún gbogbo wọn: ìtàn ọkùnrin kan tó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ lọ dẹ ìyàwó òun wò, bóyá yóò ṣubú. Don Quixote kò sí níbẹ̀, Sancho ìránṣẹ́ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, ó sì gùn. Mo ka ojú ìwé mẹ́fà, ìka mi ṣí síwájú. Mo ka méjì sí i, ìka mi tún ṣí. Ẹ rántí òfin ìka. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ pa odindi ìwé tì nítorí àlejò kan tó jókòó pẹ́.

Mo wá rántí Daniel Pennac, ará Faransé, tó to ẹ̀tọ́ mẹ́wàá òǹkàwé lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé kan ní 1992. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti má kàwé rárá. Ìkejì ni ẹ̀tọ́ láti fo ojú ìwé. Ìkẹta ni láti má kà á tán. Ìkẹwàá ni ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, ká má sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí a kà, ìyẹn ni ì bá sì gba àwọn ọ̀rẹ́ yín là. Mo lo ìkejì. Mo fo ìtàn náà títí dé ibi tí Sancho ti sáré jáde, tó ń pariwo pé ọ̀gá òun ń bá òmìrán jà. Àpò wáìnì ló ń fi idà gún lójú oorun. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí àlùfáà fi ń ka ìtàn tó gùn yẹn, oorun ni Don Quixote fúnra rẹ̀ ń sùn.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mo gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé onílé. Mo parí apá kìíní bẹ́ẹ̀, mo sì wọ apá kejì.

Lálẹ́ àná mo dé orí kẹta apá kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan wá bá Don Quixote, ó ní wọ́n ti tẹ ìtàn rẹ̀ jáde, gbogbo ayé ló ń kà á. Don Quixote bi í ohun táwọn òǹkàwé ń sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọ̀kan nínú àléébù tí wọ́n ń tọ́ka sí ni ìtàn kan tí wọ́n kì bọ àárín rẹ̀, ìtàn ọkùnrin tó dẹ ìyàwó rẹ̀ wò. Ó ní kì í ṣe pé kò dára, kò kàn bá ibẹ̀ mu ni, kò kan Don Quixote rárá.

1615 nìyẹn. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn.

Orí kẹrin ni mo wà báyìí. Mi ò tíì padà sí 33.